Ẹ̀rù aláǹtakùn àti ìrìnàjò sí òkè òkun: kí la lè ṣe kí a tó gbéra, kí la ó sì ṣe bí a bá débẹ̀?

Ẹsẹ̀Ńlọ
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Oṣù méjì ló kù kí a gbéra. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án la ó dé Sydney ní Ọsirélíà, a ó gba ibẹ̀ wọ ìpínlẹ̀ Queensland, a ó sì lo ọjọ́ mẹ́rin ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí a bá ń padà bọ̀ ní ìparí oṣù náà. Tíkẹ́ẹ̀tì ti wà nílẹ̀. Ẹ̀rù aláǹtakùn ló kù. Àwòrán rẹ̀ lásán ń mú kí àyà mi já, kí ọwọ́ mi máa gbọ̀n. Gbogbo ẹni tó bá sì ti gbọ́ Ọsirélíà ló ń ní kí n má wulẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ènìyàn lè ṣe láàárín oṣù méjì? Èwo ló léwu lóòótọ́ nínú wọn? Báwo sì ni a ṣe ń sùn nínú yàrá tí a kò mọ̀?

Atọ́nà_Ọkàn
Ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Oṣù méjì tó, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Irú ẹ̀rù yìí wà lára àwọn tó máa ń gbọ́ ìtọ́jú jù lọ. Lọ́dún 1989, Lars-Göran Öst, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ọmọ ènìyàn ní ilẹ̀ Sweden, kọ̀wé nípa ìtọ́jú ìjókòó kan ṣoṣo tí kì í ju wákàtí mẹ́ta lọ. Olùtọ́jú àti ẹni tí ẹ̀rù ń bà á jọ máa sún mọ́ aláǹtakùn ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀, láìfi ipá mú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣì ń lò ó títí di òní. Ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù náà ní ètò kan fún àwọn tó ń bẹ̀rù aláǹtakùn. Bí ẹ bá rí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà nítòsí, ẹ lọ bá a. Bí kò bá sí, ẹ ṣe àtẹ̀gùn tiyín nílé.

Ẹ fi 0 dé 10 wọn ẹ̀rù: 0 ni pé ara balẹ̀, 10 ni pé ẹsẹ̀ ti fẹ́ sá. Ẹ wá kọ nǹkan mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá sínú ìwé, láti orí èyí tó ń mú 2 wá títí dé orí èyí tó ń mú 9 wá. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, fífi ọwọ́ ara ẹni ya àwòrán rẹ̀ ló máa ń wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, fọ́tò kékeré aláwọ̀ dúdú àti funfun, lẹ́yìn náà fọ́tò tó gba gbogbo ojú fóònù, kí ẹ sì fi ìka kàn án. Ó kan fídíò ìṣẹ́jú kan, ẹ wò ó ní àwòtúnwò. Ó kan aláǹtakùn oníke tí ẹ gbé sí àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn náà aláǹtakùn ààyè kékeré nínú ìgò tí a dé pa: ẹ wò ó láti mítà mẹ́ta, láti mítà kan, kí ẹ tó gbé ọwọ́ lé ìgò náà. Òkè pátápátá ni kí ẹ fi abọ́ dé e mọ́lẹ̀ kí ẹ sì gbé e síta fúnra yín.

Ogún sí ogójì ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ẹ má kúrò lórí ìṣísẹ̀ kan títí ẹ̀rù á fi wálẹ̀ dé ìdajì ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ ní 3 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ bọ́ sí èyí tó kàn.

Ibi tó ti sábà máa ń bàjẹ́ rèé. Ẹ̀rù máa ń gòkè, á dúró, á sì wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó sá nígbà tó ṣì wà lókè, ohun tí ara rẹ̀ kọ́ ni pé sísá ló gba òun là, ìjọ́ mìíràn á wá le ju ti àná lọ. Ẹlòmíràn ò sá, ṣùgbọ́n ó ń wo ògiri, tàbí ó ń kọrin sínú kí ọkàn rẹ̀ má baà sí níbẹ̀. Ẹni yẹn kò tíì ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ náà kò tó.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀: "Bí mo bá dúró níbí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á fò mọ́ mi lójú." Bí ẹ bá parí, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ìwé yẹn ló ń fi ìyàtọ̀ ejò àti ekòló han ara.

Ọ̀rẹ́_Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́jọ
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ewu. Oríṣi aláǹtakùn tí àwọn onímọ̀ ti sọ lórúkọ kọjá 50,000 lọ́dún 2022. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni oró wọn lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá gidi. Antarctica nìkan ni ilẹ̀ ńlá tí wọn kò sí, nítorí náà yíyí ibi tí a ń lọ padà kò yanjú ọ̀rọ̀ yìí.

Èyí tí ẹ ṣeé ṣe kí ẹ rí nínú ilé ní Ọsirélíà ni huntsman. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbòòrò tó sẹ̀ǹtímítà 15 láti ìkángun dé ìkángun, ara rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ bí akàn, ó sì yára. Òun ló ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù jù, bẹ́ẹ̀ ni kò léwu: bí wọ́n bá fún un mọ́lẹ̀ ó lè bù jẹ, á dunni fún ìgbà díẹ̀, á sì lọ. Bó bá sáré wá sí ọ̀dọ̀ yín, ibi tó ṣókùnkùn ló ń wá, òjìji yín ló sì rí.

Èyí tí wọ́n ń pè ní redback dúdú, ó sì ní ilà pupa lẹ́yìn. Abẹ́ àga ìta, inú ilé irinṣẹ́ àti abẹ́ ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta ló ń gbé. Kì í kúrò nínú òwú rẹ̀ wá bá ènìyàn. Ẹni tó bá ti ọwọ́ bọ ibi tí kò rí ló ń bù jẹ. Láti ọdún 1956 ni oògùn apa-oró rẹ̀ ti wà.

Sydney funnel-web ló yẹ kí ẹ bọ̀wọ̀ fún. Ó dúdú, ó ń dán, inú ihò ilẹ̀ tútù àti abẹ́ òkúta ló ń gbé, àwọn ìbátan rẹ̀ sì wà ní etíkun ìlà-oòrùn títí dé gúúsù Queensland. Oró akọ ló le jù, akọ ló sì ń rìn kiri lóru ní ìgbà ooru àti ìparí rẹ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò. Oṣù kẹsàn-án tí ẹ ń lọ ṣáájú ìgbà yẹn. Kò lè gun gíláàsì tàbí ike tó ń dán. Ó sì lè pẹ́ nínú omi odò ìlúwẹ̀ẹ́ láìkú, nítorí náà ẹ má fi ọwọ́ kó èyí tó dà bí òkú nínú omi. Láti ọdún 1981 tí oògùn rẹ̀ ti dé, kò tíì sí ẹni tí a gbọ́ pé ó kú nítorí rẹ̀.

Wọ́n á tún sọ fún yín pé aláǹtakùn tí wọ́n ń pè ní white-tail máa ń mú kí ẹran ara jẹrà. Àwọn oníṣègùn tẹ̀ lé 130 ènìyàn tí ó dájú pé òun ló bù wọ́n jẹ, wọ́n sì tẹ àbájáde jáde lọ́dún 2003: kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní irú egbò bẹ́ẹ̀.

Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ fi sí ìparí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ẹ máa bá ìgbà wọn. Ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, àwọn akọ aláǹtakùn ilé máa ń jáde wá abo kiri lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ àti lára ògiri. Wọ́n tóbi, wọ́n ń sáré, wọn kò léwu.

Ẹsẹ̀Ńlọ
Ẹ ṣeun gan-an. Ti Lọ́ńdọ̀nù yẹn yà mí lẹ́nu. Bí èyí tó léwu bá wá bù ènìyàn jẹ ńkọ́? Bí mo bá mọ ohun tí a ń ṣe, ọkàn mi á balẹ̀ díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Ẹ mọ èyí kí ẹ tó lọ, kí ẹ má baà máa wá a lórí fóònù nígbà náà. Nọ́ńbà pàjáwìrì Ọsirélíà ni 000, ti ilé ìmọ̀ràn lórí májèlé ni 13 11 26. Ní Lọ́ńdọ̀nù, 999 tàbí 112.

Funnel-web, tàbí aláǹtakùn dúdú ńlá èyíkéyìí ní agbègbè Sydney tí ẹ kò dá mọ̀: ẹ pe 000 kíá. Kí ẹni náà jókòó tàbí kó dùbúlẹ̀, kó má rìn rárá. Ẹ fi báńdéèjì tó ń fà, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, wé ojú ibi tó bù jẹ. Ẹ wá mú òmíràn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìka ọwọ́ tàbí ìka ẹsẹ̀, kí ẹ wé e gòkè títí dé òkè apá tàbí itan. Kó le bí ìgbà tí a ń wé ọrùn ẹsẹ̀ tó fẹ́ yẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ ṣì lè máa rìn. Ẹ fi igi tàbí ìwé ìròyìn tí ẹ ká dè é kó má lè tẹ̀. Ẹ má tú u títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn. Ìdí rẹ̀ ni pé oró yẹn ń gba abẹ́ awọ lọ, ìrìn ẹsẹ̀ àti ìsúnkì iṣan ló ń tì í lọ. Báńdéèjì méjì wúwo díẹ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ ẹ fi sínú báàgì.

Ti redback yàtọ̀ pátápátá. Ẹ má wé e. Oró rẹ̀ kì í yára rìn, wíwé á kàn mú kí ìrora pọ̀ sí i. Yìnyín tí a fi aṣọ wé ni kí ẹ gbé lé e fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ rí dókítà bí ìrora bá ń tàn ká, bí òógùn bá ń bò ó, tàbí bó bá jẹ́ ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ oògùn amárabalẹ̀ bíi diazepam: dókítà nìkan ló yẹ kó fún yín. Ẹ má mu ún pọ̀ mọ́ ọtí, ẹ má fi wakọ̀. Bí ẹ bá sì ń gun àtẹ̀gùn tí Atọ́nà_Ọkàn sọ, kì í jẹ́ kí ara kọ́ ẹ̀kọ́ náà dáadáa. Àwọn orílẹ̀-èdè kan kì í jẹ́ kó wọlé láìsí ìwé dókítà, nítorí náà inú páálí tó bá wá ni kó wà, pẹ̀lú ìwé náà.

Olùgbàlejò
Iṣẹ́ ilé ìtura ni mo mọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti yàrá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ̀wé béèrè nǹkan mẹ́rin: ṣé fèrèsé ní nẹ́ẹ̀tì tí kò ya? Ṣé ẹ̀rọ amúlétutù wà, kí a lè ti fèrèsé pa lóru? Ṣé igi tàbí igbó kan ògiri yàrá? Ta ni a ń pè lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́ tó lè wá gbé aláǹtakùn jáde? Ìdáhùn sí èyí tó kẹ́yìn ló máa fi irú ilé tó jẹ́ hàn yín. Ilé tó ń gba àlejò tó ń bẹ̀rù aláǹtakùn dáadáa á dáhùn láìfi yín rẹ́rìn-ín. Yàrá òkè nínú ilé bíríkì láàárín ìlú sàn ju ahéré onígi lẹ́bàá igbó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé huntsman mọ ògiri gùn.

Bí ẹ bá wọlé, ẹ fa bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ ká etí aṣọ ìbora sókè kó má kan ilẹ̀. Bí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bá wà, abẹ́ fóòmù ni kí ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ sí yí ká. Àpótí ẹrù kì í wà ní ṣíṣí lórí ilẹ̀: ẹ fa síìpù rẹ̀ dé òpin, ẹ gbé e sórí àga. Bàtà á wọ inú ọ̀rá tí ẹ so lẹ́nu. Èyí tó bá sùn síta, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ lu gìgísẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó wọ̀ ọ́. Ẹ ká tówẹ̀lì dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ pa iná ìta, nítorí iná ń pe kòkòrò abìyẹ́, oúnjẹ aláǹtakùn sì nìyẹn.

Ẹni tó bá ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sọ Spanish, kó kọ èyí sínú fóònù, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé aláǹtakùn wà nínú yàrá mi: "Hay una araña en mi habitación." Ní Bràsíl: "Tem uma aranha no meu quarto."

Atọ́nà_Ọkàn
Mo fara mọ́ ohun tí Olùgbàlejò sọ, àfi kí n fi gbèdéke sí i. Ẹ yẹ yàrá wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ wọlé, kí ẹ fi aago fóònù sí ìṣẹ́jú márùn-ún. Igun àjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ẹ̀yìn àwòrán ara ògiri, ẹ̀yìn pákó orí bẹ́ẹ̀dì, abẹ́ ìrọ̀rí, ilé ìwẹ̀. Bí aago bá ti dún, ó parí nìyẹn. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kẹta kò ní sùn, nítorí gbogbo àyẹ̀wò tuntun ló ń sọ fún ara pé ewu ṣì wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wíwá àwòrán lórí Google ní aago méjì òru.

Ìyá_Ẹ̀jìrẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní òróró minti máa ń lé wọn. Ṣé òótọ́ ni? Oògùn kòkòrò tí a ń fín ńkọ́? Ọmọ mi ọdún mẹ́jọ náà ti ń bẹ̀rù wọn, a sì jọ ń lọ ni.

Ọ̀rẹ́_Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́jọ
Ìyá wa, ẹ má gbára lé òróró. Oògùn fífín kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lára aláǹtakùn àfi tó bá bà á tààrà. Ẹsẹ̀ gígùn ló gbé ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ kan ohun tí a fín. Èyí tí wọ́n bá fín tí kò kú, ṣe ló máa ń sáré gbéregbère, ohun tí ẹ kò sì fẹ́ rí gan-an nìyẹn. Jíju bàtà lù ú burú jù ú lọ, torí á já bọ́, ẹ ò sì ní mọ ibi tó wọ̀. Nẹ́ẹ̀tì tí kò ya àti tówẹ̀lì abẹ́ ilẹ̀kùn ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rí kò sí fún ọ̀rọ̀ pé ènìyàn ń gbé aláǹtakùn mẹ́jọ mì lọ́dún lójú oorun. Èémí, ìlùkìkì àyà àti ìyíra ẹni tó ń sùn ń mì tìtì létí aláǹtakùn. Á yà fún un.

Abọ́ àti páálí ló dára jù fún àwọn tí kò léwu. Abọ́ ike tó mọ́ gaara, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, tó jìn tó 10: ìyẹn á gba huntsman láì há a lẹ́sẹ̀. Ife omi kéré jù, etí rẹ̀ á tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó já. Páálí náà gbọ́dọ̀ le bí ẹ̀yìn fáìlì, kó sì fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ju ẹnu abọ́ lọ yí ká. Bébà lásán á tẹ̀ lágbedeméjì.

Ẹ gbé abọ́ bọ̀ ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ má mí lù ú, nítorí èémí ń mú un sáré. Bí ẹ bá ti dé e mọ́ ògiri, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ wò ó láti ẹ̀yìn ike: á fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì wá etí abọ́ kiri, á yí i po lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, á wá dúró sójú kan, á sì kó ẹsẹ̀ jọ. Ìgbà yẹn ni kí ẹ ti páálí bọ abẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó lè gbé ẹsẹ̀ lé e fúnra rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ á gbé páálí, ọwọ́ kejì á di abọ́ mú. Ẹ gbé e lọ síta tó mítà mẹ́wàá, kí ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí òdìkejì yín. Ẹ fi bọ́tìnnì tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ṣe ìdánrawò nílé nígbà mẹ́wàá, títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n.

Èyí tí ẹ bá fura pé funnel-web ni, ẹ fi sílẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ pe ẹni tó ni ilé.

Atọ́nà_Ọkàn
Ní ti ọmọ ọdún mẹ́jọ, Ìyá_Ẹ̀jìrẹ́, ojú yín ló ń wò kó tó mọ̀ bóyá kó bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí ohùn yín wà nílẹ̀: "Ó wà lára ògiri apá òsì, lókè, kò rìn." Irú ọ̀rọ̀ yẹn náà ló yẹ kí ẹni tí ẹ jọ ń rìnrìnàjò máa sọ dípò ìgbe. Kí ẹnikẹ́ni má fi oníke dẹ́rù ba ọmọ náà. Kí wọ́n má sì máa sáré gbé gbogbo aláǹtakùn kúrò kó tó rí i.

Nígbà tí ojú bá ko ojú: ẹ dúró ní mítà méjì sí mẹ́ta. Ẹ ka 1 dé 4 bí ẹ ti ń mí sínú, ẹ ka 1 dé 6 bí ẹ ti ń mí síta, fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ mọ ilẹ̀ lára. Lẹ́yìn náà ẹ yan ọ̀kan: kí ẹ fi abọ́ gbé e, kí ẹ pe ènìyàn, tàbí kí ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá pe ènìyàn, ẹ dúró sínú yàrá kí ẹ wò ó bó ṣe ń gbé e.

Awakọ̀_ỌnàJíjìn
Ó ku ti ọkọ̀, ẹ̀yin tó ń wakọ̀ ní Queensland. Ẹ má fi fèrèsé ọkọ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí lóru. Láàárọ̀, kí ẹ tó tan ọkọ̀, ẹ fa páálí tó ń dí oòrùn lókè ojú awakọ̀ wálẹ̀, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ni huntsman fẹ́ràn. Ẹ wo ẹ̀yìn ìdè ilẹ̀kùn náà. Bí ọ̀kan bá yọ nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, ewu tó wà níbẹ̀ ni kí ìjayà mú kí awakọ̀ fi ọkọ̀ gbá nǹkan. Ojú kò gbọdọ̀ kúrò lójú títì. Ẹ dín eré kù, ẹ tan iná ìkìlọ̀, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí gbogbo yín sọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ kì í gbà, kí ẹ wá ṣí àwọn ilẹ̀kùn.

Nínú igbó, òwú aláǹtakùn ńlá máa ń na kọjá ọ̀nà ní gíga orí ènìyàn. Ẹ dé fìlà tó ní etí, ẹ sì máa ju igi sókè sódò níwájú ojú bí ẹ ti ń rìn. Bí ẹ bá gbé tọ́ọ̀ṣì sí iwájú orí lóru, ẹ ó máa rí ohun tó ń tàn bí ẹ̀kán ìrì aláwọ̀ ewé nínú koríko: ojú aláǹtakùn tó ń ṣọdẹ nílẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ rí i, kó di tọ́ọ̀ṣì mú ní ìbàdí.

Ẹsẹ̀Ńlọ
Mo ti kọ àtẹ̀gùn mi sílẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ni. Ìbéèrè kan ló kù. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣé òótọ́ ni pé inú ihò báàfù ni wọ́n ń gbà gòkè wá?

Ọ̀rẹ́_Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́jọ
Rárá o. Páìpù abẹ́ báàfù tẹ̀ bí ìkọ́, omi sì dúró sínú rẹ̀, wọn kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Òkè ló ti ń já sínú rẹ̀ lóru, bó bá wá fẹ́ jáde, ara báàfù á máa yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ fi tówẹ̀lì kọ́ sí etí rẹ̀ kí ìkángun kan kan ìsàlẹ̀, á gùn ún jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ wẹ̀ nísinsìnyí, inú báàfù ló rọrùn jù láti fi abọ́ gbé e: ibẹ̀ ń dán, páálí á wọlé wẹ́rẹ́, kò sì ní ibi tí yóò sá sí. Ẹ lè fi ìyẹn ṣe ìṣísẹ̀ kẹsàn-án yín.